LaFerrari Bburago 1:18: rúlà, súkúrúù, àti ọ̀rinrin Àkúrẹ́

Ọkọ̀ ìṣeré onírin ni LaFerrari Bburago yìí; 1:18 túmọ̀ sí pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú méjìdínlógún ti ọkọ̀ gidi. Kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi rúlà wọ̀n ọ́n. LaFerrari gidi, tí Ferrari ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní Geneva ní oṣù kẹta ọdún 2013, gùn ní mìlímítà 4,702. Ẹ pín ìyẹn sí ọ̀nà 18, ẹ ó rí 261, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 26 àti ẹ̀rún. Fífẹ̀ rẹ̀, 1,992, á di mìlímítà 110 àti díẹ̀. Gíga rẹ̀, 1,116, á di 62. Èyí tí ọlọ́jà bá pè ní 1:18, tí rúlà sì ń ka sẹ̀ǹtímítà 19 àti ààbọ̀, 1:24 ni. Nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, méjèèjì jọra bí ìbejì. Orí tábìlì ni ìyàtọ̀ ti ń hàn, nígbà tí owó ti lọ.

Bburago ló ṣe é. Ilé iṣẹ́ Ítálì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọdún 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Martoys, ọdún 1976 ni wọ́n di Bburago: wọ́n mú orúkọ ìlú Burago di Molgora tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, wọ́n fi B kan lé e lórí. Gbèsè gbé wọn mì ní 2005, lẹ́yìn náà ni May Cheong ti Hong Kong, tí ó ni Maisto tó ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré bíi tiwọn, rà wọ́n. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, ó wúlò lọ́jà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí àwọn ará Ítálì ti kógbá sílé ni LaFerrari ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nítorí náà, "Made in China" tí ẹ bá bá nídìí rẹ̀ kì í ṣe àmì ayédèrú rárá. LaFerrari Bburago tí wọ́n bá kọ "Made in Italy" sí nídìí gan-an ni kí ẹ sá fún. Ojúlówó máa ń ní orúkọ Bburago, orúkọ ọkọ̀ náà àti 1:18 tó hàn ketekete nínú ike ìdí rẹ̀, kì í ṣe sítíkà tí èékánná lè ká kúrò. Páálí rẹ̀ náà á ní àmì àṣẹ Ferrari. Àṣẹ yẹn ti wà lọ́wọ́ Mattel, àwọn tó ni Hot Wheels, láti 1999 kó tó bọ́ sọ́wọ́ Bburago ní 2015.

Oríṣi méjì ni, páálí ni ẹ ó fi dá wọn mọ̀: Race & Play, àti Signature. Owó Signature máa ń tó ìlọ́po méjì ti Race & Play, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí owó yẹn ń rà ni ọ̀dà tí wọ́n fara balẹ̀ fi sí ibi kékeré kékeré: inú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì, etí iná, àmì ara ríìmù. Èyí tí à ń yẹ̀ wò yìí ni Race & Play. Òun náà ni a ó gba ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó níyànjú pé kó kọ́kọ́ rà, ìdí rẹ̀ á sì hàn bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ.

Ara rẹ̀ irin, ìdí rẹ̀ ike. Bí ẹ bá gbé e, ẹ ó mọ̀ pé irin ni lóòótọ́, torí iwájú orí rẹ̀ tutù lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó gba ìgbóná àtẹ́lẹwọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fò sókè síwájú bí ìyẹ́ ẹyẹ, bíi ti ọkọ̀ gidi. Bí ẹ bá ń fà á síta bíi ti Camry, ẹ ó dá a lápá. Ìdérí ẹ́ńjìnì ń ṣí lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ iwájú ń yí. Àwọn kan máa ń ráhùn pé ìjókòó rẹ̀ kò ṣeé sún. Àbùkù kọ́ nìyẹn: ìjókòó LaFerrari gidi pàápàá kì í sún, pẹ́dà àti sítíárìn ni wọ́n ń sún wá bá awakọ̀.

Ibi tí owó pọ́ọ́kú ti hàn ni iná iwájú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́: nínú ike mímọ́ gaara yẹn, ẹ ó rí ẹsẹ̀ kékeré dúdú tí wọ́n fi kàn án mọ́ ara, tó dúró gbọnrangandan níbi tó yẹ kí gílóòbù wà. Àwọn ibi tó yẹ kó jẹ́ ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, dídúdú ni wọ́n kùn wọ́n, wọn ò dá a lu. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ inú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì V12 náà, tó jẹ́ 6,262 cc lára ọkọ̀ gidi, tí mọ́tò iná tún wá ràn lọ́wọ́ títí agbára gbogbo rẹ̀ fi dé 963 PS (ìyẹn ìwọ̀n agbára ẹṣin), ike kan ṣoṣo tí wọ́n fín ni níhìn-ín. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá mọ́ ẹ́ńjìnì kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìrísí láti òkèèrè, ìyẹn iwájú tó rẹlẹ̀ bí ìmú yànmùyánmú àti òrùlé dúdú tó so mọ́ gíláàsì, kò ní rí àléébù púpọ̀.

Ọ̀dà rẹ̀ la máa fi ojú sí jù. Ẹ gbé e sábẹ́ iná gbọọrọ, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìlà ìmọ́lẹ̀ náà láti bọ́ńpà dé ẹ̀yìn. Bí ìlà náà bá ń wárìrì bí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́, ọ̀dà náà nípọn jù. Ó ṣeé fara dà. Bí ẹ bá rí hóró kékeré tó wú bí èéwo abẹ́ ara, ìyẹn ò ṣeé fara dà, torí ìdọ̀tí tàbí ọ̀rinrin ti wà lórí irin kí wọ́n tó kùn ún. Yóò máa tàn ni. Ẹ dá a padà.

Ní Àkúrẹ́, ohun tó pọ̀ jù lórí igbá Ọjà Ọba àti ní àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ni mọ́tò kékeré tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kó tó sáré. Ó dára fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá 1:18 máa ń pàṣẹ rẹ̀ láti Èkó tàbí òkè òkun ni, tí wọ́n á sì fi í wébíìlì wá sí gáréèjì. Láti Èkó gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó dé Àkúrẹ́, gálọ́ọ̀pù tó wà lọ́nà kò kéré, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ dá ni dígí ẹ̀gbẹ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ pé kó má yọ ọ́ kúrò lórí pátákó ìdúró rẹ̀. Súkúrúù méjì tó gba abẹ́ pátákó wọ inú ìdí ọkọ̀ ló ń dì í mú; bí wọ́n bá yọ wọ́n láti dín ìwọ̀n ẹrù kù, ọkọ̀ á máa gbá páálí látòkè délẹ̀. Kí páálí rẹ̀ wà nínú páálí mìíràn, kí ìwé ìròyìn tí wọ́n rún wà láàárín méjèèjì, tó nípọn tó ìka mẹ́ta ní gbogbo ẹ̀gbẹ́.

Kí ẹ tó kúrò ní gáréèjì, ẹ mi páálí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Ohun tó bá ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ti já nìyẹn. Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń ṣí i, láìdáwọ́ dúró láti orí páálí dé orí ọkọ̀, torí láìsí fídíò, ọlọ́jà á ní ọ̀dọ̀ yín ló ti dá. Lẹ́yìn náà, dígí méjèèjì, ilẹ̀kùn méjèèjì, ìdérí ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí gíláàsì. Bí ẹsẹ̀ kan bá lé, kì í sábà jẹ́ pé ó tẹ̀. Ìdí ike ni súkúrúù fà jù níbì kan, ó sì ṣeé tún ṣe.

Títúnṣe yìí gan-an la fi yan Race & Play. Súkúrúù ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe rífẹ́ẹ̀tì bíi ti Hot Wheels kékeré tó jẹ́ pé dírílì ni ẹ ó fi wọ inú rẹ̀. Súkúdiráfà olórí àgbélébùú kékeré, PH0, ti tó. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní i, ẹ sì lè rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ wọn.

Ẹ tẹ́ tówẹ̀lì sílẹ̀ ní ìṣẹ́po méjì, kí ẹ dojú ọkọ̀ bolẹ̀. Ẹ mú páálí ẹyin tó ti ṣófo, kí ẹ ya àwòrán ìdí ọkọ̀ sórí bébà, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ihò súkúrúù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kan náà sí ojú ihò ẹyin kọ̀ọ̀kan. Eré ọmọdé kọ́ nìyí. Gígùn súkúrúù wọn kì í dọ́gba, ibi tí àwọn ènìyàn sì ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn: súkúrúù gígùn tó bá wọ ihò kúkúrú á rìn títí yóò fi kan irin bọ́nẹ́ẹ̀tì láti inú, ẹ ó kàn rí i tí ọ̀dà pupa náà wú sókè ní ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́, tí ó sì là. Kò sí ohun tó ń dá ìyẹn padà. Bí ẹ bá ń dá súkúrúù padà, ẹ kọ́kọ́ yí i sí apá òsì díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi gbọ́ "kẹ́", ìgbà yẹn ló jókòó sínú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́. Nígbà náà ni kí ẹ wá yí i sí ọ̀tún. Ẹni tó bá tì í wọlé tipátipá á gé ọ̀nà tuntun sínú irin, ìgbà kejì tàbí ìkẹta tó bá ṣí i, súkúrúù náà á máa yí lásán.

Ẹ gbé ìdí kúrò ní tààrà, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú, torí inú ọkọ̀ àti ọ̀pá sítíárìn jókòó lé e. Àwọn gíláàsì wà lára òrùlé láti inú. Orí èékánná ike tí wọ́n fi iná tẹ̀ bẹẹrẹ ni wọ́n so wọ́n mọ́. Ẹ má fà wọ́n. Bí ẹ bá yọ ẹsẹ̀, ẹ sàmì sí i. Lára ọkọ̀ gidi, táyà iwájú jẹ́ 265/30 R19, ti ẹ̀yìn jẹ́ 345/30 R20, nítorí náà ti ẹ̀yìn ló fẹ̀. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ á dà bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ nínú irú ọkọ̀ yìí kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀pá ike tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀: ọmọdé á di táyà kan mú, á yí èkejì, ọ̀pá á já. Èkejì ni dígí ẹ̀gbẹ́. Ìkẹta ni ilẹ̀kùn tó bá rọ̀, tí kò dúró lókè mọ́. Ti ilẹ̀kùn rọrùn, ẹ ṣí ìdí, ẹ wo bóyá súkúrúù tó di apá ilẹ̀kùn mú ti tú. Bí kò bá tú, ẹ gé sẹ́lótéèpù pẹ́ńpẹ́ kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí apá náà ti ń yí kó lè ní ìdúró. Ti ọ̀pá àti dígí ni gọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́, kó má jẹ́ súpà gúlù. Bí súpà gúlù bá ń gbẹ, èéfín rẹ̀ á rìn lọ lẹ̀ mọ́ ike tó mọ́ gaara, á fi funfun bí hóró iyọ̀ sílẹ̀ lórí gíláàsì àti iná iwájú. Bí ẹ bá ti pa ara ọkọ̀ dé mọ́ èéfín náà, ó burú jù. Gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ pò ó ní ìwọ̀n dọ́gbadọ́gba lórí ìdérí ike, ẹ fi ẹnu ìtayín bu ú ní ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bí ọ̀dà bá já, Rosso Corsa ni orúkọ pupa Ferrari, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 322. Àwọn tó ń po ọ̀dà mọ́tò lè fi nọ́ńbà yẹn pò ó fún yín. Ẹ sọ fún wọn pé ìdérí ìgò kan lẹ ń fẹ́; wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n á pò ó. Kò ní bá ti Bburago mu ní gbogbo ọ̀nà, torí ilé iṣẹ́ kì í fi ọ̀dà mọ́tò kùn ún. Lójú ọgbẹ́ tí kò tó ìrẹsì, ojú kò ní rí i. Ìtayín ni ẹ ó fi kán an sí i, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí ìkejì tó tẹ̀ lé e. Tínà, pẹtiróòlù àti ìpara tí wọ́n fi ń nu èékánná á jẹ ọ̀dà, á sì yọ́ ike. Ìpara-eyín tí àwọn kan ń fi nu ojú ibi tó ha dà bí yanrìn kíkúnná: àmì híha á lọ, dídán á bá a lọ.

Ẹ má sì gbé e lọ bá wẹ́dà láéláé. Irin rẹ̀ kì í ṣe irin tí ẹ mọ̀. Síǹkì ni, tí wọ́n fi alumíníọ́mù bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lú, pẹ̀lú mágnísíọ́mù àti bàbà díẹ̀. Zamak ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ New Jersey Zinc ní Amẹ́ríkà ló sì gbé e jáde ní 1929. Kò tó 400°C tó fi ń yọ́. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, á ṣàn bí òrí nínú oòrùn. Síǹkì kan náà ni wọ́n fi ń bo páànù òrùlé wa kó má bàa tètè dógùn-ún, nítorí náà LaFerrari yìí kì í pọ́n bí ìṣó. Ohun tó ń pa irú irin yìí ni òjé. Bí òjé bá ti wọ àpòpọ̀ náà nílé iṣẹ́, kódà kó kéré, ọ̀rinrin á máa jẹ ẹ́ láti inú: ara á wú, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tẹ́lẹ̀ á há, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á yọ lórí ọ̀dà, á sì fọ́ bí bisikíìtì. Kò lóògùn. Kì í sì í ràn, torí náà ẹ má wulẹ̀ kó àwọn tó kù sá fún un. Àwọn mọ́tò kékeré tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun àgbáyé kejì ló kó o jù, nígbà tí wọn ò tíì ń ṣọ́ ìmọ́tótó irin dáadáa. Bí ẹ bá ń ra tòkúnbọ̀ àtijọ́, ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò ni igun ilẹ̀kùn àti etí bọ́ńpà.

Èyí tó kàn wá ní Àkúrẹ́ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé òpin rẹ̀, ara ògiri pàápàá máa ń tutù. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì dára, ṣùgbọ́n kó má fẹ̀yìn ti ògiri tó kọjú síta. Ẹ fi àlàfo ìka mẹ́rin sílẹ̀. Ẹ kó àpò kékeré silica gel tó ń bá bàtà àti báàgì wá pamọ́, márùn-ún sí mẹ́fà nínú àpótí ọkọ̀ kan. Bí ó bá ti mu omi tán, ẹ tú hóró rẹ̀ sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná wẹ́rẹ́, kó gbẹ, kí ẹ dà á sínú àpò aṣọ tuntun. Ìrẹsì tí àwọn ènìyàn ń fi rọ́pò rẹ̀ ń mú kòkòrò wá, kòkòrò ń mú ọmọńlé wá, ìgbẹ́ ọmọńlé sì ń jẹ ọ̀dà. Bí ó bá ti yàgbẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ha á. Ẹ fi òwú tó rin gbingbin lé e lórí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó gbé e kúrò láìfà á.

Káńfọ̀ náà ńkọ́, tí a máa ń jù sínú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí aáyán? Kó jìnnà sí i. Òórùn rẹ̀ ń rọ àwọn ike kan, gíláàsì àti pátákó ìdúró ló sì máa ń kọ́kọ́ hàn lára wọn.

Nígbà ọyẹ́, eruku ni. Ẹni tó bá mú aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ lórí ọ̀dà dúdú òrùlé, ó ń fi sáńdípépà nù ún ni. Ẹ fi rọ́bà onífẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fọ etí ọmọ fẹ́ ẹ kúrò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtíkè tuntun gbá èyí tó kù láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni omi ọlọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tó, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, pàápàá inú ihò súkúrúù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí ni táyà. Òróró tí wọ́n fi sínú táyà kó lè rọ̀ kì í dúró sójú kan. Bí táyà bá jókòó sórí ike pátákó rẹ̀ fún oṣù pípẹ́ nínú ooru, òróró náà á jáde, á yọ́ ike, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, àmì mẹ́rin á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Ẹ gé bébà tí wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ kéèkì ní iwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, mẹ́rin, kí ẹ fi sábẹ́ táyà. Tàbí kí ẹ jẹ́ kí súkúrúù méjì abẹ́ pátákó àti ike tó ń bá wọn wá gbé ọkọ̀ náà sókè kí táyà má kan nǹkan.

Ẹni tí ilẹ̀kùn Ferrari kò bá wú lórí, tó jẹ́ ti Lamborghini ló ń wá, kó wo Aventador LP 700-4 ti Maisto ní 1:18. Ilé kan náà ni, gbogbo ohun tí a sọ nípa súkúrúù, gọ́ọ̀mù àti táyà bá a mu, ó sì gùn díẹ̀ sí i: ọkọ̀ gidi jẹ́ 4,780, tó fi di 265 àti ààbọ̀. AUTOart, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú ọkọ̀ yìí, wà lókè wọn dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tuntun wọn ike ló pọ̀ lára wọn, owó wọn sì jẹ́ ti ẹni tó ti mọ ohun tó ń wá. Signature ti LaFerrari yìí yẹ ẹni tó ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ti pa, tí kò ní ọmọ kékeré nílé, tí kò sì ní ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, Race & Play, PH0 kan, páálí ẹyin kan. Bí ọlọ́jà bá ní òun kò lè fi àwòrán ìdí rẹ̀ àti rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má tíì sanwó.